Ìṣísẹ̀ Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

"Ẹ má sáré," Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yalé wí. "Bí òkú ṣe ń rìn nígbà tó wà láyé ni kí ẹ rìn."

Ẹwátómi dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀. Bàtà ìwọ̀n tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ẹrẹ̀ àkùrọ̀. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, bàtà á dún "tọ́", nọ́ńbà kan á sì tàn lórí awo kékeré tí ọkùnrin náà gbé sí àtẹ́lẹwọ́. Ìdí àpótí ìjókòó Oyèkànmí ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọmọkùnrin tó kú náà ti fi ọdún mẹ́ta lẹ àwọ̀n tí wọ́n fi ń gba ìrì. Agolo gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ti gan bí òkúta. Ẹwátómi kọjá láàárín àwọn àwọ̀n ńláńlá tí wọ́n fi kọ́ láti òkè àjà, ó ti ilẹ̀kùn yàrá àgbà, ó gba àárín àwọn àgbà tó jókòó sọ́tùn-ún sósì. Ní ìparí yàrá ni àpótí abẹ́rẹ́ wà, funfun, ó ga dé ìgbáàyà ènìyàn, pẹ̀lú ihò róbótó kan tí wọ́n ń ki apá bọ̀. Ó fọwọ́ kàn án.

"Tìfẹ́tìfẹ́ ni?" àpótí náà béèrè, bó ṣe ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá súnmọ́ ọn láti ìgbà tí wọ́n ti fòfin de fífi ipá gún ènìyàn lábẹ́rẹ́.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n," bàtà náà wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tó dùn létí.

"Ó parí nìyẹn." Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yalé na awo náà sí i. Ọ́fíìsì Ìtòsí ti ìjọba, tó ń wọn ọ̀nà abẹ́rẹ́, ló rán an gòkè wá ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ebi ń pa. "Bí ọ̀nà àpótí bá lé ní ìṣísẹ̀ àádọ́ta, ilé-iṣẹ́ ló jẹ̀bi ikú ẹni tí òfìnkìn ọyẹ́ pa láìgba abẹ́rẹ́. Bí kò bá tó àádọ́ta, òkú ló jẹ̀bi. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síbí, Awọnrìn, kí n bá ọkọ̀ okùn ọ̀sán sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó mi ní òun se ẹ̀fọ́ yánrin."

Ẹwátómi kò tẹ nǹkan kan. Ọdún kẹrìnlá rè é tó ti ń ṣe awọnrìn ní Ilé-iṣẹ́ Ìrì tó wà lórí Òkè Àràbà. Òun ló ń pinnu ibi tí omi mímu yóò wà, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ilẹ̀kùn àbáyọ, àti àpótí abẹ́rẹ́, kí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ má baà rìn jù. Ènìyàn tó fẹ́ràn ohun tó ta kókó ni. Bí kókó kan bá wà tí kò tú, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìsinmi," ó wí.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìsinmi ṣe?"

"Iye ìṣísẹ̀ ti ẹ̀ka Ilé Ìfọ̀ wà níbẹ̀, àbí kò sí? Ẹ kà á fún mi."

Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yalé mí kanlẹ̀, ó fi ìka yí awo náà. "Ilé Ìfọ̀. Ìṣísẹ̀ méjìdínláàádọ́ta. Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nínú ẹrẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, àádọ́rùn-ún gba àjẹsára."

"Ilé Àwọ̀n tiwa yìí ńkọ́?"

"Ìṣísẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nínú yàrá tó móoru. Àwọn àgbà, mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́rìndínlógún. Àwọn ọ̀dọ́..." Ó tẹjú mọ́ awo náà. "Mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún."

"Kò yà yín lẹ́nu?"

"Ó yà mí lẹ́nu. Ọ̀lẹ ọ̀dọ́ kì í yé yà mí lẹ́nu." Ó rẹ́rìn-ín nìkan, nígbà tó rí i pé obìnrin náà kò bá òun rín in, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ọ̀rá kan jáde. Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ Oyèkànmí ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń ka ìṣísẹ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń wọ̀ láti ọjọ́ tó bá gorí òkè títí di ọjọ́ tó bá kúrò. "Ó dáa. Kí ọkàn yín lè balẹ̀. Òkú fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbéra lọ síbi àpótí. Lọ́jọ́ kìíní, ó rin méjìlélógún, ó yí padà. Lọ́jọ́ kejì, márùndínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó dúró fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko, ó yí padà. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló kù ú, Awọnrìn. Ó dúró, ó rò ó, ó kọ̀ ọ́. Òfin kò ní orúkọ míràn fún irú èyí."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ẹwátómi gbé e yẹ̀ wò nínú ọkàn rẹ̀, ó tún un gbé yẹ̀ wò. Ìsinmi ọ̀sán nìkan ni àpótí abẹ́rẹ́ máa ń ṣí, ogún ìṣẹ́jú péré ni ìsinmi ọ̀sán sì jẹ́. Èwo ni ọ̀dọ́ tí ebi ń pa tí yóò fi ìdajì ìsinmi rẹ̀ dúró bí òpó níwájú ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ? Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀, á kọ̀ láti ìdí àpótí ìjókòó rẹ̀. Kò ní í lọ lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ kọ̀.

"Mò ń bọ̀," ó wí.

Mọrẹ́nikẹ́, opó Oyèkànmí, wà nídìí àwọ̀n kẹfà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ilé-iṣẹ́ fi ń gbà kí opó ṣọ̀fọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó di gèlè dúdú mọ́ orí, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ihò tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ dá sára àwọ̀n, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o," ó wí. "A gbọ́ 'tọ́, tọ́, tọ́' yín láti ibí. Ó dà bí ewúrẹ́ lórí páánù."

"Mọrẹ́nikẹ́, mi ò wá bá ọ ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wa? Kí n mọ ìgbà tí mo máa di ẹrù."

"Mi ò tíì tẹ àtàǹpàkò."

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti gbó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn àwọ̀n ni ọmọ rẹ̀ Ìyíọlá, ọmọ ọdún méjì, sùn sí lórí aṣọ tútù, níbi tí ìrì ti ń kán tó, tó. Gbogbo ẹni tó gorí òkè yìí, nítorí ìrì yẹn ni. Nísàlẹ̀, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, oṣù mẹ́jọ ni ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́dún báyìí, eruku rẹ̀ a sì máa wọ àyà ọmọdé títí àyà náà á fi máa súfèé. Mọrẹ́nikẹ́ ti sin ọmọ kan nísàlẹ̀ kí wọ́n tó rí iṣẹ́ sórí òkè. Òfin sì ti sọ ọ́: ìdílé òkú tó jẹ̀bi kì í gbé orí òkè.

"Sọ fún mi," Ẹwátómi wí. "Kí ló ń dá a padà?"

"Ṣé bàtà yín ń ka ìkíni?"

"Kí ni?"

"Bàtà yín. Ó ka ìṣísẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìkíni mẹ́rìndínlógún ńkọ́?" Mọrẹ́nikẹ́ gbé búrọ́ṣì gọ́ọ̀mù sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ Bàbá Àwọ̀n ni yín. Bí ẹ bá wọ yàrá àgbà, gbogbo eyín wọn ni wọ́n á fi pàdé yín. Àwa ńkọ́? Bí a bá wọlé, Bàbá Ṣégẹ́ á bi wá pé ọmọ ta ni wá. Bí a bá dá a lóhùn, á ní irọ́ ni, òun mọ ẹni náà, kò bí irú wa. Ìyá Aláró á ní ká tún kúnlẹ̀, pé orúnkún wa kò kanlẹ̀. A ò lè kí ẹnì kan ká fo ẹnì kan. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí a bá fi máa kí ẹni kẹwàá, agogo ti lù. Ebi la ó fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kejì."

"Ilé Ìfọ̀ ńkọ́? Àpótí tiwọn wà níta."

"Ṣé àpótí Ilé Ìfọ̀ mọ ẹ̀gbà ẹsẹ̀ wa ni? Ó ní ká lọ síbi tó súnmọ́ wa." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "Oyè lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lọ nítorí ọmọ yìí, kó má baà gbé òfìnkìn ọyẹ́ wá bá a. Lọ́jọ́ kẹta, ó padà wá tòun ti eruku láyà aṣọ. Mo ní, 'Ṣé o ti gbà á?' Ó ní, 'Mo ti kí gbogbo wọn tán, ó ku Bàbá Àwọ̀n. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá kọ́kọ́ kí wọn.' Ẹ gbọ́ ọ bí? Ó rò pé ètò ìkíni ló kù tí òun kò mọ̀."

Ẹwátómi bojú wo ọmọ tó sùn náà.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́," Mọrẹ́nikẹ́ wí, ó sì mú búrọ́ṣì rẹ̀ padà.

Ẹwátómi padà sí ọ̀nà yàrá àgbà. Ó rántí àwòrán tó kọ́kọ́ yà nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ilé-iṣẹ́ gba àpótí abẹ́rẹ́. Ìdí ẹ̀rọ omi mímu ló fi í sí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń pagbo ṣẹ̀fẹ̀ lójoojúmọ́. Ó mú un lọ han bàbá rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ń ṣe lórí òkè yìí tí kì í kọ́kọ́ mú lọ hàn án. Bàbá wò ó, ó ní, "Ṣé ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohun tuntun nílé yìí?" Kò bínú sọ ọ́. Ẹwátómi pa àwòrán náà rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé àpótí sí yàrá àgbà, ó wọ̀n ọ́n, ó rí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti tẹ́ àwọn àgbà lọ́rùn, òun sì ti tẹ́ òfin lọ́rùn.

Bàbá jókòó sí àyè rẹ̀, ìjókòó tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún, tó súnmọ́ àpótí náà jù lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Kò sí ìdè kan lára àwọ̀n tí kò mọ̀. Òun ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́, bàbá Oyèkànmí wà lára wọn. Àyà rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ bí mẹ́ta, á dúró mí.

Ẹwátómi kúnlẹ̀. "Bàámi, ẹ rántí Oyèkànmí?"

"Ọmọ tó kú."

"Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ pé ó dúró níbí fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá."

"Kò dúró," bàbá rẹ̀ wí. "Ó dọ̀bálẹ̀ ni."

Ìyá Aláró bẹ̀rẹ̀ sí tú ìdí ìró rẹ̀, ó tún un so.

"Ó kí mi bí ẹni ń lé adìẹ," bàbá wí. "Ẹnu rẹ̀ ń kí mi, ojú rẹ̀ wà lára àpótí yẹn. Mo ní kó má dìde, títí yóò fi mọ ẹni tó ń kí. Mo wá ń sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún un, bó ṣe wá bá mi lọ́jọ́ kìíní, tí kò mọ okùn yàtọ̀ sí òwú." Ó mí. "Ìtàn náà gùn. Agogo lù."

"Ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló ń lọ gbà?"

Bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ àpótí funfun náà, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbóná.

"Mo mọ̀ pé àpótí náà kò ní sá lọ," ó wí.

Ẹwátómi gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yalé ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó ti ṣí fìlà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ adínà ló dà. Ẹni tó bá dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà abẹ́rẹ́, òun ló ni ikú náà. Òkú kò jẹ̀bi mọ́, ìdílé rẹ̀ á sì dúró sórí òkè. Adínà ló máa sọ̀kalẹ̀."

"Èmi ni," bàbá Ẹwátómi wí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ò lè pe ara yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òfin ni. Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn àgbàlagbà ló ń gba ẹ̀bi gbogbo òkú, kí àwọn ọmọ má baà sọ̀kalẹ̀. Bàbá kan ní òkè kan tó kọjú síbí ló ní òun pa èèyàn mọ́kànlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òun náà kò sì tíì kúrò lórí ibùsùn láti ọdún méjì. A fòfin dè é. Ẹlòmíràn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pe orúkọ." Ó yíjú sí àwọn àgbà yòókù. "Ta ló rí wọn lọ́jọ́ náà?"

Bàbá Ṣégẹ́ ní etí òun kì í gbọ́rọ̀ lọ́sàn-án. Ìyá Aláró ní òun ń tú òwú, pé ẹni tó bá ń tú òwú kì í ríran. Ẹnì kan ní òun sùn. Gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan, àwọn tí ọmọ kékeré kan kì í fo ìkíni wọn kọjá kí wọ́n má mọ̀.

"Ó ku ẹ̀yin nìyẹn," Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yalé wí fún Ẹwátómi, kò sì jẹ́ kí ojú wọn pàdé. "Àtàǹpàkò ni, àbí orúkọ?"

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Awo ìtòsí wà ní ọ̀kan. Ní èkejì ni ohun dúdú kan wà, kékeré bí ìgbín, tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́rìí. Bó bá tẹ àtàǹpàkò mọ́ awo, Mọrẹ́nikẹ́ yóò gbé Ìyíọlá pọ̀n, wọn ó wọ ọkọ̀ okùn lọ bá eruku. Bó bá pe orúkọ sétí ẹlẹ́rìí, bàbá ni yóò wọ ọkọ̀ náà. Ẹwátómi mọ ìṣirò. Ó mọ iye oṣù tí irú àyà bẹ́ẹ̀ lè lò nísàlẹ̀. Kò dé ìparí ọyẹ́ kan.

"Wọ́n lè gbà kí n sọ pé èmi ni mo gbé àpótí síbí," ó wí. "Èmi ni mo dínà."

"Ìyẹn náà, ara yín lẹ ń pè."

"Ẹ jẹ́ n tún un wọ̀n. Bóyá..."

"Ẹwátómi," bàbá rẹ̀ wí.

Ó wò ó. Ojú àgbàlagbà náà ti rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ohùn tó fi ń rán an níṣẹ́ láti kékeré náà ni. "Mo dá ọ̀kan dúró, ó kú. Ìyá àti ọmọ ló kù. Má ṣe jẹ́ kí n..." Ó mí. Ó tún mí. "Mo ti rán ọ níṣẹ́. Pe orúkọ."

Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Ó gba ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yalé, ó gbé e sẹ́nu.

"Orúkọ adínà?" ẹlẹ́rìí béèrè.

"Bàámi."

"A kò rí orúkọ náà."

"Bàbá Àwọ̀n."

"Oyè nìyẹn. Orúkọ adínà?"

Ó bojú wo Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yalé. Ọkùnrin náà mi orí bí ẹni tí nǹkan ń dùn. "Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ ló fẹ́ gbọ́. Kò gba 'bàbá' níwájú rẹ̀, kò gba nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ketekete, kò ní í gba èyí tí ẹ bá sọ sínú."

Ẹwátómi mọ orúkọ náà. Ó ti kọ ọ́ sórí ìwé lọ́pọ̀ ìgbà, nílé ẹ̀kọ́, ní ọ́fíìsì, nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kò tíì gbé e kọjá eyín rí. Ìyá rẹ̀ tó fi ọgbọ̀n ọdún bá ọkùnrin náà gbé, kò pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Gbogbo àwọn àgbà sì ń wò ó, wọ́n ń dúró, àwọn tí kò rí nǹkan kan.

Láti ìta, láàárín àwọn àwọ̀n, ọmọ Mọrẹ́nikẹ́ jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

"Ògúnjìmí," Ẹwátómi wí.

Ó ti tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, obìnrin tó bí i ló sì pè é nígbà náà. Orí àgbàlagbà náà gbé sókè kíá. Ojú rẹ̀ là, ó mọ́, ó sì ń wá ẹni tó pè é kiri, bíi ti ọmọ tí wọ́n pè kúrò nídìí eré.

"Mà?" ó dáhùn.